Ohun Tí Sàlẹ́ńsà Àlàájì Jíbrílù Ń Sọ

Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan ní ọdún 1991, kété tí wọ́n kírun ọ̀sán tán, Àlàájì Jíbrílù wa píkọ́ọ̀pù rẹ̀ dé iwájú ṣọ́ọ̀bù Ṣàíbù, ará Ìjẹ̀bú-Igbó tó ń jó sàlẹ́ńsà, páìpù tí èéfín ń gbà jáde, mọ́ ìdí ọkọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Olówógbowó. Àlàájì ló ra píkọ́ọ̀pù náà ní tuntun, nígbà tí gbogbo wa ṣì ń wakọ̀ ní ọwọ́ òsì títì, sítíárìn rẹ̀ sì wà ní ọwọ́ ọ̀tún títí di ọjọ́ tí mò ń wí yìí. Kí a má parọ́, ọkọ̀ náà rẹwà ju ẹni tó ń wà á lọ. Ariwo rẹ̀ nìkan ni ará Ìsàlẹ̀ Èkó kò lè fara dà mọ́. Bó bá gbéra ní Lafiaji, àwọn tó ń dúró de bọ́ọ̀sì ní CMS á ti sún kúrò lójú títì.

"Ẹ káàbọ̀, Àlàájì," ni Ṣàíbù wí. "Mo ti ń retí yín láti bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo gbọ́ yín nígbà tí ẹ ń kúrò ní mọ́ṣáláṣí."

"Ohun tó gbé mi wá gan-an nìyẹn. Kí lo gbọ́?"

"Ọkọ̀ yín ni."

"Mo mọ̀ pé ọkọ̀ mi ni. Kí ló ń sọ?"

Ṣàíbù wo ọkọ̀, ó wo Àlàájì. Ó ti tó ogún ọdún tó ti ń ṣe sàlẹ́ńsà, ẹnikẹ́ni kò tíì bi í ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ rí. Ó fi sùúrù ṣàlàyé pé ọkọ̀ kì í sọ̀rọ̀, pé ihò ló wà lára páìpù Àlàájì, pé ihò náà jẹ́ mẹ́rin, òun sì ti kà á tán láti orí ìjókòó òun.

"Dẹ etí sílẹ̀ dáadáa," ni Àlàájì wí.

Ó padà sínú ọkọ̀, ó ń fi ẹsẹ̀ tẹ epo fún un díẹ̀díẹ̀. Sàlẹ́ńsà bẹ̀rẹ̀: pó-po-pò-pò, pó-po-pò-pò.

"O gbọ́?"

"Pó-po-pò-pò ni mo gbọ́."

"Àwọn ọmọ àdúgbò Taslimah ní Lafiaji kò gbọ́ pó-po-pò-pò. Wọ́n tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ tẹ̀lé e: Ó ti dàgbà, ó ti dàgbà."

Ṣàíbù tún tẹ́tí. Irú ọ̀rọ̀ báyìí, bí wọ́n bá ti lè fi í síni létí lẹ́ẹ̀kan, ó di pé èèyàn ò ní gbọ́ nǹkan mìíràn mọ́. Ojú rẹ̀ yí padà.

"Ó ń sọ ọ́ lóòótọ́, Àlàájì. Ó tilẹ̀ pe 'gbà' yẹn já gaara."

Àlàájì pa ọkọ̀, ó sọ̀kalẹ̀, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀ láti ṣàlàyé ara rẹ̀. Taslimah ni opó tó ń ta ẹní ìkírun ní Lafiaji. Oṣù kẹrin rèé tí Àlàájì ti ń fẹ́ ẹ. Òní yìí ni Taslimah dá fún un pé òun ó fèsì. Ó ní bí òun bá gbọ́ ohùn ọkọ̀ Àlàájì níwájú ilé, tí òun bá jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí Àlàájì mọ̀ pé òun ti gbà. Bí òun kò bá jáde, kí ó máa lọ sílé rẹ̀ pẹ̀lú àlàáfíà.

"Ọmọ ọdún mélòó ni ẹ sọ fún un pé ẹ jẹ́?"

"Mọ́kàndínláàádọ́ta."

"Ẹ̀yin tí ẹ ti ń wakọ̀ kí wọ́n tó bí mi?"

"Ṣàíbù, sàlẹ́ńsà ni mo wá rà."

Ṣàíbù tọrọ àforíjì. Àlàájì ń fi ìka gbo ojú fèrèsé ọkọ̀ rẹ̀.

"Mo fẹ́ràn obìnrin náà," ni ó wí. "Bí mo bá wà lọ́dọ̀ rẹ̀, mo máa ń rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí mo ti rẹ́rìn-ín nínú ilé mi kẹ́yìn. Mi ò fẹ́ kí páìpù kan gbà á lọ́wọ́ mi."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Ṣàíbù lára. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò, ó mú Àlàájì wọ inú ṣọ́ọ̀bù. Sàlẹ́ńsà tòkunbọ̀ mẹ́tàdínlógún ló so kọ́ ògiri. Ṣàíbù kì í so wọ́n mọ́ ọkọ̀ kí oníbàárà tó yàn. Ẹnu rẹ̀ ló fi ń ṣe ohùn wọn, ó sì mọ ti ìkọ̀ọ̀kan sórí. Ó gbé kékeré kan sílẹ̀, ó ní Jámánì ló ti wá, kò sì dógùn-ún rárá. Ó fẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́.

"Bù-bú-bú-bu. Bù-bú-bú-bu."

"Tún un ṣe."

"Bù-bú-bú-bu."

"Kò lágbára," ni Àlàájì wí.

"Òótọ́ ni, Àlàájì. Kò lágbára. Ẹnu rẹ̀ tín-ín-rín jù. Ẹ ó tẹ̀ ẹ́ títí, kò ní lè gun òkè."

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Ta ló sọ kí ni fún mi?"

"Pé mi ò lágbára."

"Ọkọ̀ ni mò ń wí."

"Kò sí òkè kankan ní Ìsàlẹ̀ Èkó."

"Bíríìjì ńkọ́? Bó bá dé àárín bíríìjì, á kàn tutù síbẹ̀ ni. Ẹ ó wá máa bẹ̀ ẹ́."

Àlàájì ní kí ó fi ọ̀rọ̀ bíríìjì sílẹ̀, kí ó gbé òmíràn wá. Ṣàíbù gbé ọ̀kan tó ní ẹnu méjì. Ó ní àwọn ọ̀dọ́ ń jà sí i, kò sì sí ẹni tó gbọ́ ọ tí yóò rántí ọjọ́ orí ẹnikẹ́ni. Gbogbo ara ló fi ṣe ohùn èyí, títí kan èjìká.

"Dù-dù-dú-dú-du. Dù-dù-dú-dú-du."

Àlàájì sáré fi ọwọ́ bo ẹnu páìpù náà.

"Ìyàwó mẹ́ta," ni ó wí.

"Ẹnu méjì péré ló ní, Àlàájì."

"Ohun tó ń sọ ni mo sọ. Ìyàwó mẹ́ta."

"Ṣé irọ́ ló pa ni?"

Àlàájì wo ẹ̀yìn, bí ẹni pé ẹnì kan lè wà níbẹ̀.

"Ọ̀kan ni mo sọ fún Taslimah."

"Nínú mẹ́ta, ọ̀kan lẹ sọ?"

"Èyí tó máa ń bínú ni mo sọ. Àwọn méjì yòókù kì í dá sí nǹkan."

Ṣàíbù rán an létí pé Mùsùlùmí lè fẹ́ mẹ́rin, nítorí náà ààyè ẹnì kan ṣì kù, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Àlàájì dáhùn pé òun kò ní wàhálà kankan pẹ̀lú Ọlọ́run lórí ọ̀rọ̀ náà, Taslimah ló kù. Ó ní bí wọ́n bá ti so yìgì tán, òun ó máa yọ wọ́n sọ fún un ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ṣàíbù rọra gbé ẹlẹ́nu méjì padà sí ògiri, ó sì kọ ojú rẹ̀ sí inú.

Wọ́n gbìyànjú mẹ́fà mìíràn. Ọ̀kan sọ pé Àlàájì máa ń hanrun. Òmíràn dárúkọ ẹ̀fọ́rí kan tí kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tó yá, Ṣàíbù fúnra rẹ̀ ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ kí Àlàájì tó gbọ́ ọ, ó sì ń fo àwọn kan láìṣe ohùn wọn rárá, ó ní èyí kò ṣeé gbọ́ létí àgbàlagbà. Àánú ọkùnrin náà wá ń ṣe é. Ó gun àga, ó gbé ọ̀kan tó níkùn ńlá sọ̀kalẹ̀ láti igun ògiri. Ó ya ẹnu. Nǹkan kan kò jáde.

"Mi ò gbọ́ nǹkan kan," ni Àlàájì wí.

"Ohùn rẹ̀ nìyẹn."

"Tún un ṣe."

Ṣàíbù tún ya ẹnu. Àlàájì sún etí mọ́ ọn títí irùngbọ̀n àwọn méjèèjì fi kan ara wọn.

"Kí ló wá ń sọ?"

"Kò sọ nǹkan kan, Àlàájì. Ó dákẹ́."

"Òun ni mo fẹ́."

Ó yẹ kí ọjà ti parí níbẹ̀, ṣùgbọ́n Ṣàíbù jẹ́ ẹni tí kì í lè rí ibi tí ọ̀rọ̀ parí sí kó má fi tirẹ̀ kún un.

"Ẹ rò ó dáadáa o. Gbogbo Èkó ló mọ ọkọ̀ yìí. Bí wọn ò bá gbọ́ ọ mọ́, wọ́n á ní ọkọ̀ Àlàájì ti dákẹ́. Ẹni tó bá gbọ́ ọ láàbọ̀ á lọ sọ pé Àlàájì ti dákẹ́. Kí ẹ tó dé Lafiaji, wọ́n á ti máa kí Taslimah pé ó kú ará fẹ́ra kù. Obìnrin yẹn sì ti ṣe opó lẹ́ẹ̀kan."

"Jẹ́ kó fẹ́ mi ná, kó tó ṣe opó mi."

Ṣàíbù wọ abẹ́ ọkọ̀, iná tó fi ń jó irin ń tàn yẹ̀rìyẹ̀rì. Nígbà tó jáde, ó gbé páìpù àtijọ́ lọ́wọ́, ó béèrè ibi tí òun yóò fi í sí. Àlàájì ní kí ó jù ú sí ọ̀sà, kí ó tà á, kí ó fi ṣe àdògán, èyíkéyìí tó bá wù ú, òun kò fẹ́ rí i mọ́, òun kò sì fẹ́ gbọ́ ọ mọ́. Ó wọ ọkọ̀, ó ṣáná sí i, ọkọ̀ ń ṣiṣẹ́, ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Ewúrẹ́ kan tó sùn síwájú rẹ̀ kò dìde; Àlàájì ní láti sọ̀kalẹ̀ lọ bẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà ó yọ́ lọ sí Lafiaji, inú rẹ̀ ń dùn.

Kò pé wákàtí kan tí ẹnì kan fi ọwọ́ kan èjìká Ṣàíbù látẹ̀yìn. Ṣàíbù fò sókè, irin bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Píkọ́ọ̀pù ti wà nílẹ̀, kò sì mọ ìgbà tó dé.

"Ṣé ó jáde, Àlàájì?"

"Kò jáde."

Àlàájì jókòó sórí táyà kan. Ó ní òun dúró níwájú ilé náà fún bí ìdajì wákàtí, kò sí ẹni tó yọjú. Òun wá sọ̀kalẹ̀, òun rìn sún mọ́ fèrèsé, òun sì ń gbọ́ ohùn Taslimah àti ti aládùúgbò rẹ̀ kan.

"Kí ló ń sọ?"

"Ó ní láti ìgbà tí wọ́n ti kírun tán ni òun ti wé gèlè, tí òun ń tẹ́tí sí ọkọ̀ bàbá arúgbó òun."

"Bàbá arúgbó?"

"Ó mọ̀, Ṣàíbù. Ó mọ iye ọdún mi. Ó mọ ìyàwó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó ń dárúkọ wọn bí ẹni ń ka wúrùdù lẹ́yìn ìrun. Ó ní ohùn ọkọ̀ yẹn máa ń dùn mọ́ òun nínú, nítorí nínú gbogbo ohun tí mo ní, òun nìkan ni kì í parọ́ fún òun."

Ṣàíbù jókòó sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó béèrè ìdí tí Àlàájì kò fi kan ilẹ̀kùn.

"Bí mo bá kàn án, á bi mí pé níbo ni ohùn ọkọ̀ mi wà. Irọ́ wo ni kí n pa sí ìyẹn? Ó ní bí òun kò bá gbọ́ ọ kí wọ́n tó pe ìrun Alásárì, á jẹ́ pé mo ti yí ọkàn padà, òun ó sì tú gèlè. Dìde, Ṣàíbù. Tú olóhùn-dídákẹ́ yìí kúrò, kí o so ti àtijọ́ padà fún mi kíákíá."

Ṣàíbù kò dìde. Ó ń fi ìka họ orí.

"O jù ú sí ọ̀sà?"

"Rárá o. Páìpù tó mọ ọ̀rọ̀ sọ tó bẹ́ẹ̀? Mo tà á."

"Oníhò mẹ́rin? Ta lo rí tà á fún?"

"Ọmọkùnrin kan ni, kò tíì pé ọdún mẹ́tàlélógún. Kò fẹ́ kí n dí ihò kankan. Mo fi ẹnu ṣe ohùn rẹ̀ fún un lẹ́ẹ̀kan péré, ó ní ohun tí òun ń wá káàkiri nìyẹn. Ó ní àwọn àna òun ń sọ pé òun kéré jù láti gbéyàwó."

Àlàájì pa ojú dé.

"Níbo ni àwọn àna rẹ̀ ń gbé?"

Ṣàíbù gbé irin rẹ̀ nílẹ̀, ó wò ó síwá, ó wò ó sẹ́yìn.

"Lafiaji ni, Àlàájì. Kò tíì ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ tó gbéra."

Àwọn méjèèjì tẹ́tí. Láti apá CMS lọ́hùn-ún, ohùn náà ń lọ, ó já gaara, kò kánjú, ó kọjú sí Lafiaji.

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Àlàájì," ni Ṣàíbù wí. "Obìnrin yẹn á jáde."