Olóyè Tó Ti Igi Òrí Mọ́lé

Kí ọ̀rọ̀ tó dọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ ká fi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ sọ ọ́ di mímọ̀ pé Olóyè Bámigbóyè kì í jẹun àárọ̀ láì kọ́kọ́ ka kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Mẹ́tàdínlógún ni wọ́n, wọ́n ń ró ní ìdí ṣòkòtò rẹ̀ bí ṣaworo. Ti ilé wà níbẹ̀, ti mọ́tò wà níbẹ̀, ti agolo iyọ̀ náà wà níbẹ̀. Bí ìyàwó rẹ̀ bá fẹ́ se ọbẹ̀, á kọ́kọ́ kúnlẹ̀ tọrọ kọ́kọ́rọ́ iyọ̀.

"Ohun tí a kò bá tì," ni Olóyè máa ń wí, "ti gbogbo ayé ni."

Lọ́dún tí owó epo ń ṣàn l'Ékòó bí òjò Agẹmọ, tí ẹni tó bá ti lè kọ orúkọ ara rẹ̀ ń gba kọ́ńtíráàtì, Bámigbóyè Alágàádágodo, ọkọ Kọ́kọ́rọ́, géètì tí ń dá ara rẹ̀ tì, padà sílé ní Àràndùn pẹ̀lú mọ́tò gígùn kan àti ìwé ilẹ̀ kan. Ìwé náà ní òun ló ni igbó Ìdí-Òrí. Kò sẹ́ni tó bá a jiyàn. Bàbá rẹ̀ ló ni ín tẹ́lẹ̀.

Ṣùgbọ́n àwa ní àṣà kan tí kò sí nínú ìwé: igi ní ẹni tó ni ín, àmọ́ èso òrí tó bá já sílẹ̀, ti ẹni tó bá tètè jí ni. Bí òjò bá ti mú ilẹ̀ rọ̀, àwọn obìnrin á gbé apẹ̀rẹ̀ wọ Ìdí-Òrí ní àfẹ̀mọ́júmọ́. Hàjàrá, ìyá Suliat, ló máa ń ṣíwájú wọn. Opó ni. Òrí tó bá ṣe lásìkò yẹn ló fi ń rán Suliat níwèé títí ọdún á fi yípo.

Olóyè fi wáyà ẹlẹ́gùn-ún yí igbó ká. Ó gbé géètì onírin wá láti Èkó, ó fi àgádágodo tó tó orí ọmọ ọwọ́ há a lẹ́nu, ó sì kan pátákó mọ́ ọn: ILẸ̀ OLÓYÈ. ẸNI TÍ KÒ NÍ KỌ́KỌ́RỌ́ KÒ GBỌDỌ̀ WỌLÉ. Kọ́kọ́rọ́ náà kò ju ẹyọ kan lọ. Ti ìdí ṣòkòtò wá di méjìdínlógún.

Hàjàrá lọ kúnlẹ̀ lẹ́nu géètì.

"Ẹ kú àárọ̀, Olóyè. Èso ti fẹ́ẹ́ máa já. Bó bá pẹ́ nílẹ̀, á hù, kò ní ṣeé ṣe lóòrí mọ́."

"Kò ní já, Ìyá Suliat. Mo ti gba lébìrà. A máa ká gbogbo rẹ̀ lórí igi."

"Ẹnìkan kì í ká òrí, Olóyè. Fúnra rẹ̀ ló ń já nígbà tó bá pọ́n. Tútù lẹ máa ká."

"Sùúrù ilé nìyẹn. Èmi kì í dúró de nǹkan kó já l'Ékòó."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká máa ṣa ti abẹ́ igi nìkan."

"Ṣé ẹ lè ka pátákó yìí?"

"N ò mọ̀wé, Olóyè."

"Kò burú. Mo máa kà á fún yín." Ó sì kà á, lẹ́ẹ̀mejì, pẹ̀lú ohùn ìwàásù.

Bùkárì, olórí lébìrà, kó àwọn èèyàn rẹ̀ gun igi. Wọ́n ká tútù, wọ́n fi ọ̀pá lu èyí tó jìnnà. Téńté orí igi nìkan ni ọ̀pá wọn ò dé. Wọ́n kó gbogbo rẹ̀ sínú sítọ́ọ̀ onípáànù kan nínú igbó náà, Olóyè sì tì í pa. Mọ́kàndínlógún. Ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣí i títí di ọjọ́ ìṣíde, tí Kábíyèsí, ọ̀gá ìjọba láti Ìlọrin àti oníṣòwò ọṣẹ láti Èkó yóò fi wá wò ó.

Ọ̀sẹ̀ kejì, Bùkárì wá. "Ọ̀gá, sítọ́ọ̀ ń rùn."

"Òórùn owó nìyẹn. Ìwọ ni ò gbọ́ ọ rí."

Ọ̀sẹ̀ kẹta, ó tún dé. "Ọ̀gá, omi dúdú kan ń jò lábẹ́ ilẹ̀kùn."

"Ṣé o rí i? A ò tíì lọ̀ ọ́, òróró ti ń yọ."

Ọjọ́ ìṣíde pé. Ẹnu ilẹ̀kùn sítọ́ọ̀ gan-an ni Olóyè to àga àwọn èèyàn ńlá sí, kí wọ́n lè ríran dáadáa. Ó wọ agbádá, ó yọ kọ́kọ́rọ́ kúrò ní ìdí.

"Lónìí," ó ní, "ẹ ó fojú ara yín rí ohun tí àgádágodo lè ṣe."

Ó ṣílẹ̀kùn. Wọ́n rí i.

Èso ti di ẹrẹ̀ dúdú, ìdin ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀. Eṣinṣin tó jáde pọ̀ ju èrò tó wá lọ. Ọ̀gá ìjọba fi ìwé tó fẹ́ kà bo imú. Oníṣòwò ọṣẹ wọ mọ́tò rẹ̀ láì dágbére. Olóyè fẹ́ sá, ó tẹ omi tó pè lóròóró, ó yọ̀ gẹ̀ẹ̀rẹ̀, ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ yí. Gbogbo kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ fò sínú ẹrẹ̀ náà.

"Ẹ bá a wá òrí, ká fi wọ́ ọ lẹ́sẹ̀," ni Kábíyèsí wí láti ẹ̀yìn áńkáṣíìfù. "Àbí òrí ò sí nílùú lọ́dún yìí?"

Hàjàrá jáde láàárín èrò, ó tú igbá òrí kékeré kan nídìí ìró. Ó kúnlẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ Olóyè lé itan, ó bẹ̀rẹ̀ sí wọ́ ọ. Olóyè fi ìka kan òrí náà, ó gbé e sí imú.

"Ìyá Suliat."

"Olóyè."

"Òrí tuntun nìyí."

"Tuntun ni. Ẹ na ẹsẹ̀."

"Níbo lẹ ti rí èso rẹ̀? Kábíyèsí, ẹ gbọ́ o, olè ló ń wọ́ mi lẹ́sẹ̀."

"Lẹ́yìn yídì ni, lábẹ́ àràbà. Àdán ló ń já ti téńté jẹ, ibẹ̀ ni wọ́n ń da kóró rẹ̀ sí. Láràárọ̀ la ń lọ ṣa á. Owó ìwé Suliat ti pé."

"Igi mi ni wọ́n ti kó o! Wọ́n wọ ilẹ̀ mi láì gbàṣẹ."

"Wọ́n wọ̀ ọ́, Olóyè," ni Hàjàrá wí, kò dáwọ́ ẹsẹ̀ wíwọ́ dúró. "Àdán ò mọ̀wé, bíi tèmi. Kò sì sẹ́ni tó ka pátákó fún wọn."

Kábíyèsí yíjú sẹ́yìn. Ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn wọn ń gbọ̀n fún ẹ̀rín.

Láti ọjọ́ náà ni géètì tí Olóyè ṣí fún àwọn àlejò ti wà ní ṣíṣí, nítorí kò sẹ́ni tó gbà láti ki ọwọ́ bọ ẹrẹ̀ wá kọ́kọ́rọ́. Ìyàwó Olóyè fi ọmọ odó fọ́ agolo iyọ̀.

Olóyè fúnra rẹ̀ tiro lọ sí kọ́ọ̀tù ní Ọ̀mù-Àrán, ó ní òun fẹ́ pẹjọ́. Akọ̀wé bi í léèrè orúkọ àwọn olùjẹ́jọ́. Kò mọ̀ ọ́n. Ó bi í níbi tí wọ́n ń gbé. Ìyẹn ló mọ̀: lẹ́yìn yídì, òkè àràbà, orí sí ìsàlẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ òfin, ta ni kí ìjọba rán gun àràbà lọ ka ìwé ìpẹ̀jọ́ fún wọn?