Bí Bátìrì Mi Ṣe Pòòyì Lójú Aṣọ́bodè

Ọjọ́ tí fóònù kú mọ́ mi lọ́wọ́ lójú aṣọ́bodè, mi ò lè gbàgbé ẹ̀ láyé. Ìgbà tí ìjọba ti bodè pa nítorí ìrẹsì òkèèrè ni. Lásìkò náà, ẹni tó bá gbé ìrẹsì gba ọ̀nà Owódé, bí olè ni wọ́n ń wò ó. Bẹ́ẹ̀, ìrẹsì oko Bàbá mi ní Ifọ̀nyìntẹ̀dó lèmi gbé, odidi àpò kan, fún ìkómọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Ìlarò lọ́jọ́ kejì. Òun ni gbogbo àlejò máa jẹ.

Inú àpò ìrẹsì òkèèrè tó ti ṣófo la rọ ọ́ sí. Ta ni kì í ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ wa? Àpò yẹn nípọn, òun la fi ń kó gààrí, òun la fi ń kó àgbàdo. Ọkàn mi ṣáà balẹ̀, torí mo ti ya fídíò ìrẹsì náà nídìí ẹ̀rọ tó bó o, Bàbá sì dúró tì í.

Inú fóònù wo ni fídíò wà? Fóònù tí mo ti lò ju ọdún mẹ́rin lọ. Á ní iná òun ṣì ku ogójì nínú ọgọ́rùn-ún, kí o tó ṣẹ́jú, ó ti kú. Wọ́n ní kí n ra bátìrì tuntun, mo ní èmi náà mọ̀ ọ́n tún ṣe. Mo ti bátìrì náà bọ fírísà, kò gbọ́. Mo wá sá a sóòrùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ láfún Màmá mi, láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ọlọ́gbọ́n ayé!

Kété tí a kọjá Owódé, aṣọ́bodè kan dá mọ́tò wa dúró, ó ṣí búùtù.

"Ta ló ni àpò yìí?"

"Èmi ni, sà. Ìrẹsì oko wa ni. Mo ní fídíò ẹ̀."

"Fi hàn mí."

Mo tan fóònù. Ogójì. Mo tẹ fídíò, ojú Bàbá yọ, fóònù kú. Mo tún un tàn, ó tún kú. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, ojú ọkùnrin náà ti le.

"Ṣé ìwọ lò ń pa á ni?"

"Ọlọ́run ń gbọ́, sà, bátìrì ni!"

Dírẹ́bà ní kí n yọ bátìrì, kí n fi nu ṣòkòtò, mo nù ún. Ẹnìkan ní kí n fi eyín tẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Àgbà bíi tèmi, mo ń gé bátìrì jẹ lẹ́bàá títì. Aṣọ́bodè gbà á, ó gbé e lé iwájú mọ́tò, ó fi ìka ta á. Ó pòòyì bí òkòtó.

"Ó ti wú. Kí lo fi ṣe é?"

Ẹnu mi ò gbà á láti dárúkọ láfún. Ó pe àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ kí wọ́n wá gbé àpò lọ. Mo ro ìkómọ tí kò ní sí oúnjẹ, ẹkún gbọ̀n mí.

Màmá àgbà kan tó jókòó lẹ́yìn mọ́tò ló pariwo. "Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, ẹ ò kúkú tú àpò wò!"

Aṣọ́bodè já okùn ẹnu àpò, ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan. Pupa ni, èyí tó fọ́ ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ó ju díẹ̀ sẹ́nu. Eyín ẹ̀ dún kà! Ó tutọ́.

"Òyìnbó wo ló máa kó òkúta báyìí wá tà fún wa? Gbé ẹrù ẹ, máa lọ."

Mo ti ra bátìrì tuntun. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n tí mo kọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ: ẹ̀rí wà nínú àpò, èmi ń wá a kiri nínú fóònù.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìkómọ, bí mo ṣe ń ṣa ìrẹsì pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n mi, mo kùn pé òkúta ti pọ̀ jù.

"Má bú u," ló wí. "Òun ló jẹ́rìí fún ẹ."

Mo rẹ́rìn-ín ìtìjú, mo tún tẹríba, mo ń ṣà á lọ.