Àràmídé Gba Àga Mẹ́rin

Tíṣà Ṣẹ́gunfúnmi, ẹni tí kò sí ohun tí kò mọ̀ n'Ígbó-Ọrà bí a bá ti ẹnu rẹ̀ gbọ́ ọ, dojú kọ kọ̀ǹpútà, ó ń làágùn. Ọ̀gá ilé-ìwé ti búra pé bí ètò ìjókòó àwọn ọmọ tó fẹ́ gba ẹ̀bùn kò bá jáde láago mẹ́wàá, yàrá kọ̀ǹpútà di ibi tí wọ́n ń kó gààrí sí. Rùkáyyàh, Ìyá Ìbejì tó ń réǹtì àga fún olóde, tí àwọn ìbejì rẹ̀ náà sì wà lára àwọn tó fẹ́ gba ẹ̀bùn, dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àga rọ́bà méjìlá.

"Tíṣà, ọmọ wo ló ń jókòó síbo?"

"Ẹ fara balẹ̀, Ìyá Ìbejì. Ìlà mẹ́rin, àga mẹ́ta-mẹ́ta. Mo ti fi Python, èdè tí a fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà, ṣe ìlà kan, mo wá ní kó sọ ọ́ di mẹ́rin. Àwa ọ̀mọ̀wé kì í ṣe iṣẹ́ kan lẹ́ẹ̀mẹrin."

"Ọ̀lẹ là ń pe ìyẹn nílé tiwa."

Tíṣà tẹ orúkọ Àràmídé, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà, sí àga àkọ́kọ́ ní ìlà kìn-ín-ní. Àràmídé yọ níbẹ̀. Ó tún yọ ní ìlà kejì, ìkẹta, ìkẹrin.

"Ọmọ kan, àga mẹ́rin? Ṣé ó sanra tó bẹ́ẹ̀ ni?"

"Àṣìṣe díẹ̀ ni, Ìyá."

Ó fi Bámiṣẹ́, ọmọ mìíràn, rọ́pò rẹ̀ ní ìlà kẹta nìkan. Bámiṣẹ́ mẹ́rin lé Àràmídé mẹ́rin dìde. Tíṣà ti ń rí àpò gààrí lórí tábìlì rẹ̀.

Ìyá Ìbejì bú sẹ́rìn-ín. "Ìbejì lo bí!"

"Èmi tí mi ò tíì gbéyàwó?"

"Àwọn ìlà rẹ ni mò ń wí. Lọ́jọ́ tí mo ra bàtà fún Táyé tí mi ò ra fún Kẹ́hìndé, ta ló sinmi nílé wa? Ohun tí o bá fún ọ̀kan, o ti fún èkejì. Ìlà kan ṣoṣo lo ṣe, o wá ń pè é ní mẹ́rin. Lọ bí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan!"

Tíṣà pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, ó ṣe ìlà kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Àràmídé jókòó jẹ́ẹ́ sórí àga kan. Kò pẹ́, ọmọ méjìlá ti wà lórí àga méjìlá, aago mẹ́wàá sì ku ìṣẹ́jú mẹ́ta.

"Mo mọ̀ pé màá yanjú ẹ̀!"

"Ìwọ àbí èmi?" Ìyá Ìbejì gba ìwé ètò tí Tíṣà tẹ̀ jáde, ó kà á. Ojú rẹ̀ yí padà. "Táyé mi, ìlà kìn-ín-ní. Kẹ́hìndé mi, ìlà kẹrin?" Ó ki àga kan mọ́ abíyá.

"Ìyá, ẹ̀yin náà lẹ ní kí n tú ìbejì ká!"

"Ìlà ni mo ní kí o tú ká, kì í ṣe ọmọ mi!" Ó gbé àga kejì. "Dá wọn padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kíá, àbí kí n kó àga mi lọ, kí gbogbo wọn jókòó sórí gààrí tí ọ̀gá ń kó bọ̀."