Iyọ̀ Ìyá Ọláníkẹ́ Gun Òkè Kàmíyọ̀

Aago méje àárọ̀ kò tíì lù. Òjò tó rọ̀ mọ́jú ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni, ojú ọ̀run ṣì dúdú bí ìdí ìkòkò, atẹ́gùn òkun sì ń wọ ènìyàn léegun. Nígbà náà, Faransé ṣì ń ṣe ìjọba, Kútọnu kò sì tíì ní èbúté gidi. Afárá irin gígùn kan tó wọ inú òkun lọ, tí a ń pè ní wáàfù, ni àwọn ọkọ̀ òkun ń já ẹrù sí. Ẹsẹ̀ wáàfù yìí ni Dúrótoyè dúró sí, ó fi ọwọ́ lé ìbàdí, ó ń wo kàmíyọ̀, ọkọ̀ akẹ́rù kan, bí ọba ṣe ń wo ààfin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ fún un.

Kàmíyọ̀ náà kì í ṣe tirẹ̀. Ẹrù tó fẹ́ kó sínú rẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀. Ṣòkòtò ìdí rẹ̀ pàápàá, ti àbúrò rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n òun ni yóò to ẹrù náà, ìyẹn sì ti tó fún un láti gbé àyà síwájú.

Àìsàn kan ṣoṣo ló ń ṣe Dúrótoyè: kò lè ṣe iṣẹ́ kékeré kó má pariwo ńlá lé e lórí. Bí ó bá gbé àpò àgbàdo kan kọjá gọ́tà láàárọ̀, tó bá fi máa di alẹ́, gọ́tà á ti di odò, àpò á ti di mẹ́wàá, ọ̀nì á sì ti wà nínú odò náà. Òun fúnra rẹ̀ mọ̀ pé ẹnu òun ń ṣáájú òun lọ síbi gbogbo. Ó kàn ń sáré tẹ̀lé e ni. Kí ẹ má sì rò pé òun nìkan ni. Gbogbo àwa alágbàárù la ní díẹ̀ nínú rẹ̀. Iṣẹ́ tó ń tẹ ènìyàn lọ́rùn mọ́lẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́, ẹnu nìkan ló kù tí a fi ń gbé orí sókè.

Lọ́jọ́ tí mo ń wí yìí, ọ̀rọ̀ náà ju ẹnu lọ. Dúrótoyè ń fẹ́ Ọláníkẹ́, opó tó ń ránṣọ ní Gbégamey. Ọláníkẹ́ ti gbà. Ìyá rẹ̀, tó ń kó iyọ̀ lọ tà ní Sakété, ni kò tíì gbà.

“Ẹnu rẹ̀ ni mo mọ̀,” ni ìyá wí. “N kò tíì mọ ọwọ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó to ẹrù mi lọ sí Sakété. Tí a bá dé láyọ̀, kó kó àwọn ẹbí rẹ̀ wá.”

Ẹ ò rí i pé ìyàwó ló wà nínú kàmíyọ̀ yẹn, kì í ṣe iyọ̀.

Ìyá Ọláníkẹ́ àti Ìdíátù, ọ̀dọ́bìnrin tó ń ta agbọ̀n àti ẹní, ti wọ ọ́fíìsì àwọn aṣọ́bodè lọ láti lọ fi ìwé ẹrù hàn wọ́n. Ó ku Dúrótoyè, Mùkáílà tí wọ́n jọ ń gbẹ́rù, àti Fernand awakọ̀, ọmọ Àgùdà, tí kì í ṣíná sí ọkọ̀ láì kọ́kọ́ ṣe àmì àgbélébùú.

“Iyọ̀ ló wúwo jù,” ni Fernand wí. “Ẹ kó iyọ̀ sísàlẹ̀, sí àárín gbùngbùn, kí agbọ̀n àti ẹní wá gùn ún.”

“Ẹ̀gbọ́n Fernand, ta ló ni agbọ̀n àti ẹní?”

“Ìdíátù.”

“Ta ló ni iyọ̀?”

“Ìyá Ọláníkẹ́.”

“Ta ló dàgbà jù nínú wọn?”

Fernand wò ó títí. “Mò ń sọ̀rọ̀ ẹrù, ìwọ ń sọ̀rọ̀ ọjọ́ orí.”

“Àgbà kì í wà nínú ọkọ̀, kí agbọ̀n ọmọdé gùn ún lórí.”

“Ṣé bí òwe yẹn ṣe wà nìyẹn?” ni Mùkáílà bi í.

“Bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ nìwọ mọ̀. Mo ti tún un ṣe.”

Ẹ má yára dá a lẹ́bi. Nílé wa, a kì í gbé ẹsẹ̀ kọjá lórí àgbà, a kì í jókòó sórí àpótí àgbà. Ojú Dúrótoyè ló ṣe tí wọ́n fi èébú lé alágbàárù kan kúrò lágbo nítorí pé ó gbé apẹ̀rẹ̀ ẹja lé àpótí aṣọ ìyá ọkọ ẹnì kan. Ó rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn, kò sì rí ibi tó yẹ ẹrù ìyá ìyàwó bí kò ṣe òkè pátápátá, níbi tí gbogbo Kútọnu yóò ti rí i kí wọ́n sì bi ara wọn pé, ta ló to eléyìí?

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tẹ́ ẹní Ìdíátù sísàlẹ̀, wọ́n to agbọ̀n òfìfo rẹ̀ lé e, wọ́n wá gbé àwọn àpò iyọ̀ lé agbọ̀n lórí, títí ẹrù náà fi ga bí òkìtì ọ̀gán. Dúrótoyè fi bàáṣì, aṣọ líle tí a fi ń bo ẹrù, bò ó mọ́lẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má rí i kí àsìkò tó tó. Ó fẹ́ kó bá ìyá ní òjijì ní Sakété.

Ìyá dé, ó gbójú sókè. “Dúrótoyè, ó ga.”

“Iyì yín ló ga, Ìyá.”

“Ṣé ibi tó dáa lo fi iyọ̀ mi sí?”

“Ibi tí mo fi í sí, tẹ́ ẹ bá rí i, ẹ ó rẹ́rìn-ín.”

Ìyá wọ iwájú lọ bá Fernand. Fernand ṣe àmì àgbélébùú, ó yọrí wo ẹrù lẹ́yìn, ó sì tún ṣe àmì náà lẹ́ẹ̀kejì. Mùkáílà àti Ìdíátù há sí ìdí ọkọ̀. Dúrótoyè gun orí bàáṣì, ó jókòó bí ajẹ́lẹ̀.

Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ẹ̀yìn ni Dúrótoyè ń wò ní tirẹ̀, ó ń juwọ́ sí àwọn obìnrin tó ń din àkàrà. Ẹ̀ka máńgòrò kan tí kò kan kàmíyọ̀ kankan rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbìn ín, ó kan eléyìí. Ó ya Dúrótoyè lọ́rùn, ó gba fìlà lórí rẹ̀, ó sì fi ewé rọ́pò rẹ̀.

“Dúrótoyè, fìlà ewé yẹn bá ọ mu,” ni Mùkáílà ké láti ìsàlẹ̀.

Nígbà tí wọ́n gun afárá ọ̀sà, kàmíyọ̀ yẹ̀ sí ọ̀tún. Ó rò ó wò díẹ̀, ó tún yẹ̀ sí òsì. Ọkùnrin kan tó ń gun kẹ̀kẹ́ bọ̀ lókèèrè sọ̀ kalẹ̀, ó sì gbá ọwọ́ irin afárá mú bí ẹni pé òun ló fẹ́ ṣubú.

“Awakọ̀, ẹ dúró kí n sọ̀,” ni Ìdíátù wí.

“Kí ló dé?”

“Ẹsẹ̀ mi ni mo fọkàn tán.”

Ó sọ̀, ó rìn. Ó dé Akpakpa, òdìkejì ọ̀sà, ó ra ọsàn, ó ní kí wọ́n bó o fún òun, ó mu ún tán, kí kàmíyọ̀ tó bá a. Ó tún gòkè nítorí ẹní rẹ̀ nìkan.

Fernand yọrí síta. “Dúrótoyè, kí ló ń ṣe ọkọ̀ yìí?”

“Ó ń kí àwọn ará Akpakpa ni.”

Ẹnu ló sọ ìyẹn. Inú ń sọ òmíràn. Abẹ́ ìdí rẹ̀ ló ti ń gbọ́ tí agbọ̀n Ìdíátù ń fọ́ wẹ́wẹ́, tí iyọ̀ sì ń wá ibi jókòó sí. Bí ó bá ní kí wọ́n dúró kí òun tún ẹrù tò, ìyá ìyàwó á rí ọwọ́ rẹ̀ lójú ọ̀nà. Bí kò bá sì ní kí wọ́n dúró... Kò parí ìrònú náà. Ó di okùn mú.

Wọ́n dé Agblangandan. Ọ̀nà yà níbẹ̀, òjò sì ti jẹ etí rẹ̀ lápá òsì, níbi tí irà wà. Fernand rọra bí ẹni tó gbé ọmọ tó ń sùn. Ọkọ̀ yà, iyọ̀ kò yà. Ẹrù náà bẹ̀rẹ̀ sí í fì sí òsì, Dúrótoyè sì ra sápá ọ̀tún, ó nà gbalaja, kí ara òun lè fa kàmíyọ̀ padà.

“Mùkáílà, ó ń lọ sósì. Bọ́ sápá ọ̀tún.”

“Mo ti bọ́ sílẹ̀ tipẹ́,” ni ohùn Mùkáílà dáhùn, láti ẹ̀yìn pátápátá lójú ọ̀nà, níbi tí òun àti Ìdíátù dúró sí.

Kàmíyọ̀ kò ṣubú. Ó dùbúlẹ̀ ni, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí àgbà tó jẹun yó. Àwọn baba wa ní ẹni gun ẹṣin, ilẹ̀ ló ń bọ̀. Wọn ò rí ẹni gun iyọ̀. Irà ni tirẹ̀ ń bọ̀. Ó gbé Dúrótoyè mì dé àyà, àwọn àpò iyọ̀ sì ń tẹ̀ lé e lọ́kọ̀ọ̀kan, gbìì, gbìì, bí ẹbí tó ń sin ọkọ ìyàwó.

Fernand ti Ìyá Ọláníkẹ́ gba ilẹ̀kùn tó ti di òrùlé jáde. Gèlè rẹ̀ kò yẹ̀.

“Ṣé kò sẹ́ni tó fara pa?”

Kò sẹ́ni tó fara pa.

“Ẹrù Ìdíátù ńkọ́?”

“Ẹní wà nínú ọkọ̀, Ìyá,” ni Dúrótoyè wí láti inú irà. “Kò tutù.”

“Tèmi ńkọ́?”

“Tiyín wà lókè.”

“Òkè wo?”

Ó wo omi. “Òkè tẹ́lẹ̀.”

Àwọn obìnrin Agblangandan ti ń jáde. Ọ̀kan ki ìka bọ omi irà, ó tọ́ ọ wò. “Ó ku díẹ̀ kó tó ọbẹ̀,” ló wí. Àwọn pẹ́pẹ́yẹ tó ń lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀ mu díẹ̀, wọ́n wo ara wọn, wọ́n sì ṣí lọ.

“Dúrótoyè, ta ló ní kó o gbé iyọ̀ sókè?”

“Iyì ni mo bù fún yín, Ìyá. Mi ò lè gbé agbọ̀n Ìdíátù lé yín lórí.”

“Ṣé èmi lo dì sínú àpò ni?” Ìyá kó ìró rẹ̀ mọ́ra, ó jókòó sórí táyà tó kọjú sí ọ̀run. “Láti ìgbà tí mo ti ń ṣòwò, ìsàlẹ̀ ni mo máa ń ní kí wọ́n kó iyọ̀ mi sí, kí ọkọ̀ lè fi ẹsẹ̀ múlẹ̀. Bí agbọ̀n ẹlòmíràn bá gùn ún, ó ń gba òjò fún mi ni.”

Fernand bojú wo ibòmíràn, èjìká rẹ̀ sì ń gbọ̀n.

Àwọn ọkùnrin abúlé mú okùn àti ìtì ọ̀pẹ wá, wọ́n fà, wọ́n tì, kàmíyọ̀ sì dìde. Ìyá dúró lójú ọ̀nà, ó ń nawọ́: kí wọ́n kó ìwọ̀nba iyọ̀ tó kù sísàlẹ̀, láàárín, kó má yẹ̀ sápá kan, agbọ̀n tó ṣẹ́kù tẹ̀ lé e, ẹní lókè. Dúrótoyè ló gbé gbogbo àpò náà, omi iyọ̀ ń ṣàn sí ibi tí máńgòrò ti ya á lára. Kò sọ̀rọ̀. Mùkáílà bi í bóyá ó ń ṣàìsàn.

Nígbà tí wọ́n so okùn tán, ó sún mọ́ ìyá, ẹrẹ̀ ti gbẹ mọ́ ọn lára.

“Ìyá, ọ̀rọ̀ tá a jọ sọ ńkọ́?”

Ìyá wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Kò bínú mọ́. Ìyẹn gan-an ló dẹ́rù bà á.

“Ọmọ dáadáa ni ọ́, o sì mọ iyì àgbà. Ṣùgbọ́n iyì tó o bù fún mi lónìí yìí, bí àna mi bá tún bù ú fún mi lẹ́ẹ̀kan sí i, n kò ní dé ilé láàyè. Jẹ́ kí ọmọ mi máa ránṣọ rẹ̀ lọ.”

Fernand ti wọ ọkọ̀, ó ti ń ṣe àmì àgbélébùú. Ìdíátù àti Mùkáílà ti jókòó. Dúrótoyè ṣì dúró lójú ọ̀nà.

“Ibo ni kí èmi wà, Ìyá?”

“Òkè,” ni Ìyá Ọláníkẹ́ wí. “Ohun tó bá fúyẹ́, òkè là ń gbé e sí.”

Ó di okùn mú, ó gòkè, ó sì jókòó sórí ẹní.