Láṣebìkan Nínú Àpótí Onídán

Ṣé ẹ ti bi ara yín léèrè rí, ìdí tí àwọn àgbà fi ń sọ pé ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé? Ẹ fara balẹ̀. Ohun tó fà á kò dùn, ṣùgbọ́n bí ẹ bá rẹ́rìn-ín, n kò ní bínú.

Ní ìlú Ìjámọ̀, eléré márùn-ún ló ń ṣeré ní gbọ̀ngàn Bàbá Pópóọlá: onídán, ẹni tó ń gbé iná mì, atàkìtì, Mopélọ́lá tó ń rìn lórí okùn, àti Láṣebìkan aláwàdà. Wọ́n ní ẹgbẹ́, wọ́n sì ní òfin. Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, wọn á tò síwájú, wọn á di ọwọ́ ara wọn mú, wọn á ké pé, "Àwá dé!" Àwọn èrò á ní, "Ẹ káàbọ̀!"

Okùn Mopélọ́lá ti gbó. Wọ́n ti fi òwú dúdú so ó níbi méjì. Ẹgbẹ́ kọ lẹ́tà sí Bàbá Pópóọlá lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ní okùn tó gba ìyá Mopélọ́lá yóò gba ọmọ rẹ̀. Okùn já, Mopélọ́lá já bọ́, eegun ẹ̀yìn rẹ̀ kán. Lọ́jọ́ kejì, bàtà rẹ̀ kan ṣì wà lórí ìtàgé. Kò sẹ́ni tó lè gbé e.

Ẹgbẹ́ daṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n dúró sẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn, wọ́n búra pé ẹnikẹ́ni nínú wọn kò ní wọlé títí okùn tuntun yóò fi dé. Láṣebìkan dúró tì wọ́n fún ọjọ́ méjì. Lọ́jọ́ kẹta, Bàbá Pópóọlá pè é sí kọ̀rọ̀, ó ní bó bá lè dá eré ṣe, orúkọ rẹ̀ nìkan lòun yóò kọ gàdàgbà sára pátákó ìta. Láṣebìkan ní kí ló le níbẹ̀, ṣebí ojoojúmọ́ lòun ń wò wọ́n.

Ní ọ̀sán Sátidé, aṣọ ìkélé ṣí. Òun nìkan ló dúró, ó na ọwọ́ méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni tó di èèyàn mú.

"Àwá dé!"

Ìyá àgbà kan níwájú wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Ẹ̀yin àti ta?"

"Wọ́n ń múra lẹ́yìn, Ìyá."

Kí irọ́ yìí má bàa já, ó ń sáré wọ ẹ̀yìn, ó ń pààrọ̀ fìlà, ó ń padà wá bí ẹlòmíràn. Ó tàkìtì, ó fìdí balẹ̀. Ó tan ògùṣọ̀, ooru rẹ̀ kan ètè rẹ̀, ó bá gbé e kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ ìkélé, ó ní òun ń bọ̀ wá gbé e mì. Ló bá wọ inú àpótí onídán, ó pa ìdérí dé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan fún yín: ẹni tó wà nínú àpótí yẹn kì í lè ṣí i. Onídán tó dúró níta ló ń fi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ tẹ ìkọ́ kan nísàlẹ̀. Ọdún mẹ́sàn-án ni Láṣebìkan fi wo ọwọ́ onídán. Kò wo ẹsẹ̀ rẹ̀ rí.

Ó gbọ́ òórùn èéfín. Ó gbá ìdérí, àwọn èrò pàtẹ́wọ́. Nígbẹ̀yìn, ó sọ òótọ́: "Èmi nìkan ni o! Kò sẹ́nì kankan lẹ́yìn!" Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Kò pa wọ́n lẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀ rí. Ìgbà tí aṣọ ìkélé gbiná ni wọ́n tó sá jáde, wọ́n sì fi í síbẹ̀.

Lẹ́nu ọ̀nà, bí àwọn èrò ti ń ké pé Láṣebìkan wà nínú àpótí, atàkìtì rán ẹgbẹ́ létí pé àwọn ti búra láti má wọlé. Onídán, tó jẹ́ alága, ronú díẹ̀.

"A ní a ò ní wọlé ṣeré," ó ní. "A ò sọ pé a ò ní wọlé gbé òkú."

Nígbà tó fẹsẹ̀ tẹ ìkọ́, Láṣebìkan ṣì ń mí, ṣùgbọ́n irun ojú rẹ̀ ti jó tán, ọwọ́ rẹ̀ sì ti bó. Pátákó tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí ni wọ́n fi gbé e lọ sí ọsibítù. Ọ̀dà rẹ̀ kò tíì gbẹ.

Ìtàgé jó, okùn gbígbó náà jó, Bàbá Pópóọlá sì ní láti ra tuntun. Ẹni tó da ẹgbẹ́ ló bá ẹgbẹ́ ṣẹ́gun. Ṣùgbọ́n Mopélọ́lá kò ní rìn lórí okùn kankan mọ́.

Yàrá kan ṣoṣo ni ọsibítù náà ní. Nọ́ọ̀sì dá àwọn yòókù dúró síta, ó tẹ́ Láṣebìkan sí ẹ̀gbẹ́ Mopélọ́lá, tí kò lè yí ọrùn, tó ń wo àjà.

"Ta ló dé?" Mopélọ́lá béèrè.

Ọ̀rọ̀ tó ti mọ́ Láṣebìkan lẹ́nu fún ọdún mẹ́sàn-án ló fi dáhùn. "Àwá dé."

Mopélọ́lá fetí sílẹ̀. Èémí ẹnìkan ṣoṣo ló gbọ́.

"Láṣebìkan," ó ní, "ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé."