Bọ́tìnnì Tó Wọ Ẹ̀wù Mẹ́rìnlá

Mo fi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ kéde fún gbogbo mùtúmùwà pé kí Gbọọrọ tó tẹ lẹ́tà kan ṣoṣo lórí kọ̀ǹpútà, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fẹ́ atẹ́gùn sí ìka rẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Ó ní iná ọgbọ́n ń jó wọn.

Kóòdù áàpù fóònù, ìyẹn àṣẹ tí fóònù ń tẹ̀lé, ló ń kọ jẹun. Gbọọrọ, a-fi-ojú-ewé-mẹ́ta-kọ-ẹ-káàárọ̀! Bó bá fẹ́ kí bọ́tìnnì kan téèyàn lè tẹ̀ hàn lójú fóònù, yóò kọ́kọ́ fi kóòdù ṣe àpótí tí yóò gbé e sí. Yóò gbé àpótí yẹn sínú òmíràn, òmíràn sínú òmíràn, títí bọ́tìnnì á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ máa làágùn.

Ìyá Ìbejì, tí wọ́n jọ ń kọ kóòdù, ní, "Bọ̀dá, àwọn àpótí yìí ò ṣe nǹkan kan. Ẹ jẹ́ ká gé e kúrú."

"Gé kí ni? Ọmọlúàbí kì í rìn níhòòhò!"

"Ẹ̀wù mẹ́rìnlá lọ́rùn bọ́tìnnì kan? Ṣé òtútù ń mú un ni?"

Ọ̀gá àgbà ò mọ kóòdù, àmọ́ ó gbà pé ohun tó bá gùn ló dáa. Ipò olórí ẹ̀ka fóònù ṣófo, Gbọọrọ sì ti ń wúkọ́ bí olórí. Òun fúnra rẹ̀ ló dá a lábàá: "Kí èmi àti Ìyá Ìbejì kọ ojú ewé kan náà. Kí oníbàárà dán wa wò níṣojú gbogbo ọ́fíìsì. Ẹni tó bá mókè, kó gba ipò."

Oníbàárà dé, obìnrin tó ń ta bàtà. Wọ́n gbé iṣẹ́ àwọn méjèèjì sára ògiri fún un.

"Ó dáa. Àmọ́ bọ́tìnnì tí wọ́n á tẹ̀ láti ra bàtà yìí pupa jù. Ẹ sọ ọ́ di àwọ̀ ewé."

Ìyá Ìbejì tún ọ̀rọ̀ kan ṣe. Bọ́tìnnì di àwọ̀ ewé. Ó gbé omi rẹ̀ mu.

Gbọọrọ náà tẹ tirẹ̀. Gbogbo ojú ewé di àwọ̀ ewé láti òkè délẹ̀. Bọ́tìnnì ṣì pupa.

"Bọ̀dá, bọ́tìnnì ni mo wí, mi ò ní kẹ́ ẹ dáko."

"Àpótí ìta nìyẹn, mà. Ẹ ní sùúrù." Ó tẹ òmíràn. Àwọ̀ ewé bo àwòrán bàtà. Ó tẹ òmíràn. Ó bo iye owó.

"Yéè! Ẹ ti sin ọjà mi!"

Ọ̀gá àgbà dìde. "Gbọọrọ, ibo gan-an ni bọ́tìnnì yìí wà?"

"Ó ń múra lọ́wọ́, sà."

Ọ́fíìsì bú sẹ́rìn-ín. Oníbàárà jókòó sílẹ̀ kó má baà ṣubú. Ọ̀gá àgbà bọ Ìyá Ìbejì lọ́wọ́, ó pè é ní olórí lójú ẹsẹ̀.

Gbọọrọ ṣì wà nídìí kọ̀ǹpútà. Ó ní òun ti rí ibi tí ìṣòro wà: àpótí kan ṣoṣo ló kù kí ẹ̀wù bọ́tìnnì tó pé.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ṣé ká bá a wá a?