Gáàsì Tí Mùstàfá Gbé Lọ Sílé Àna

Ẹrù ìdána wo ló máa ń fẹ́ fò lọ mọ́ ẹni tó gbé e lọ́wọ́?

Ti Mùstàfá àbúrò mi ni. Kẹ́mísírì ló ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Òrò, ìwé sì ti pọ̀ lórí ẹ̀ jù. Jàrátù, ọmọ Alhájì Àhmádù ní Ṣàrẹ́, ló fẹ́ fẹ́. Ó wá lọ fọ́nnu fún Alhájì pé òun máa gbé gáàsì kan wá tí ò ní èéfín, tí ò rùn, tí wọ́n ń pè ní háídírójìn.

Alhájì ní, "Ó dáa. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá wá tọrọ ọmọ, fi gáàsì yẹn se tíì fún mi. Tí mo bá mu ún, mú ọmọ mi máa lọ. Tí n ò bá rí tíì mu, máa padà sí Òrò."

Ẹ gbọ́ ohun tí ọmọ ìyá mi ṣe. Lọ́jọ́ Jímọ̀, ó gé ìkòkò alumíníọ́mù mi wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ìkòkò tí mo fi ń se ìrẹsì ọdún! Ó dà á sínú kọ́sítíìkì tí wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ. Ó ń hó ṣùúṣùú, ó sì ń gba gáàsì ẹ̀ sínú àwọn bàlúùnù ńlá.

"Mùstàfá, ìkòkò mi dà?"

"Àǹtí Fulera, ẹ má bínú. Ó ti di gáàsì."

Ọwọ́ mi ti gbéra láti gbá a létí. Mo ro ti ìyàwó tó fẹ́ fẹ́, mo sọ ọwọ́ kalẹ̀.

Àwọn bàlúùnù yẹn ń fà sókè, ara odó la so wọ́n mọ́ kí wọ́n má baà lọ.

Nígbà tá a wọ mọ́tò láàárọ̀ Sátidé, wọn ò fà mọ́. Mo ní bóyá oorun ló ń kùn wọ́n. Mùstàfá ń nu òógùn ojú. Ká tó dé Ṣàrẹ́, wọ́n ti hunjọ bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ arúgbó.

Alhájì ti jókòó sórí ẹní, wọ́n ti bu ṣúgà sínú ife.

Ẹ sì mọ àwọn ìyàwó ilé. Ohun jíjẹ tó bá wà nínú ẹrù ìdána, wọ́n á tọ́ ọ wò kí wọ́n tó gbà á. Wọ́n tọ́ oyin wò. Wọ́n tọ́ iyọ̀ wò. Ó wá kan bàlúùnù.

"Ẹ jọ̀ọ́, ìyẹn kì í ṣe jíjẹ o," Mùstàfá ní.

Ìyá Lubabah ni ìyáálé ilé. Ohùn wọn ròkè: tí wọ́n bá pe èèyàn ní Ṣàrẹ́, ará Bàbáńlá á gbọ́. Wọ́n wò ó tẹ̀gàntẹ̀gàn. "Ṣé ìwọ lo máa kọ́ wa bí wọ́n ṣe ń gba ẹrù ni?"

Wọ́n tú okùn, wọ́n fẹnu sí i, wọ́n fà á.

Fììììì.

"Kò dùn, kò korò," ni ohùn tín-ín-rín kan wí, bíi ti òròmọdìẹ.

Ìyá Lubabah fúnra wọn wẹ̀yìn wò, kí wọ́n lè mọ ẹni tó sọ̀rọ̀. Ohùn tiwọn ni, gáàsì ló sọ ọ́ di tín-ín-rín.

Ẹ̀rín ń pa mí! Orí iṣu ìdána ni mo ṣubú lé. Àwọn ìyàwó yòókù rọ́ dé: "Ẹ fún mi kí n tọ́ ọ wò." Fììì. Fììì. Ilé Alhájì wá ń dún kíún-kíún bí ilé adìẹ, títí tó fi ku rọ́bà nìkan.

Alhájì na ife. "Tíì mi dà?"

Mùstàfá dọ̀bálẹ̀. "Bàbá, ẹ má bínú. Àwọn ìyá mi fa díẹ̀, àmọ́ èyí tó pọ̀ jù ti lọ lọ́nà. Háídírójìn kéré gan-an, ara rọ́bà ló ń gbà jáde. Irin ló yẹ kí n kó o sí. Irin náà tí ò bá dáa, ó máa wọnú ẹ̀, á sì mú kó máa ṣẹ́."

Ojú Alhájì le.

"Ohun tó o fọwọ́ ara ẹ ṣe, o ò lè dá a dúró láti Òrò dé Ṣàrẹ́. Ọmọ mi lo wá fẹ́ mú lọ? Ṣé òun náà ò ní gba ibì kan jáde mọ́ ẹ lọ́wọ́?"

Mùstàfá ti ń wo bàtà ẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

Ni Jàrátù bá jáde láti yàrá. Ọmọ náà sanra, ẹ̀gbẹ́ ló fi gba ẹnu ọ̀nà kọjá. Ó kúnlẹ̀ síwájú bàbá ẹ̀.

"Bàbá, ẹ wò mí dáadáa," ó ní. "Rọ́bà wo lèmi lè gba ara ẹ̀ jáde?"

Alhájì rẹ́rìn-ín títí fìlà fi bọ́ lórí wọn.

"Mùstàfá, mú un máa lọ," wọ́n ní. "Àmọ́ kọ́kọ́ lọ wá mọ́tò tó tóbi ju ìyẹn lọ."